Èémí Kejì fún Ẹni Inú Kànga

Bí ẹ bá dé Adja-Ouèrè lónìí, tí ẹ béèrè ẹni tí Marcellin Òkè jẹ́, wọn ò ní sọ fún yín pé òun ló ń tún ẹ̀rọ tí ìyá wọn fi ń lọ àgbàdo ṣe, tàbí pé òun ló jó irin ilẹ̀kùn ilé wọn. Wọn yóò kọ́kọ́ wo ọ̀tún, wọn yóò wo òsì, wọn yóò wá rọra sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣe yín lóore, pé, "Ẹ ṣọ́ra fún ọkùnrin yẹn o. Òun ló ń di ẹrù òkú sílẹ̀ de alààyè." Ẹ̀gbọ́n mi ni Marcellin. Cécile ni orúkọ tèmi. Alààyè tí wọ́n ń wí yẹn, Fádáre ni, ọkọ mi. Inú ń bí mi. Mo ti bá wọn jà títí ohùn mi fi há, n ò rí ẹni tó gbọ́, ni mo fi jókòó láti kọ ọ́.

Ọmọ Oko-Akarè ni wá. Bàbá wa ní ọ̀pẹ, ó ní oko àgbàdo, ó sì ní ẹnu líle. Marcellin ni àkọ́bí, èmi ni àbíkẹ́yìn, àwọn tó wà láàárín wa kò dúró. Láti kékeré ni ẹ̀gbọ́n mi ti jẹ́ ẹni tí kì í bínú. Ẹ bú u, á rẹ́rìn-ín. Ẹ gba tọwọ́ rẹ̀, á wá òmíràn. Ó dà bíi pé èmi ni wọ́n kó ìbínú àwa méjèèjì fún. Nígbà tó kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn fadá, bàbá wa rán an lọ sí Kútọnu láti kọ́ iṣẹ́ irin jíjó. Ibẹ̀ ló ti pàdé àwọn kan ní èbúté, àwọn tó ń mòòkùn lọ sábẹ́ ọkọ̀ ojú omi láti tún ìdí ọkọ̀ ṣe. Marcellin kì í mòòkùn ní tirẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń mí lábẹ́ omi ló ń tọ́jú: ó ń fọ̀ ọ́, ó ń pààrọ̀ rọ́bà inú rẹ̀, ó ń fi í sẹ́nu dán an wò kí wọ́n tó gbé e wọ omi.

Bí ó bá wálé lásìkò Kérésì, ohun kan wà tó máa ń sọ fún wa. Ó ní kò sí ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn tó ń sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ohun èémí kan ṣoṣo. Méjì ni. Wọ́n ń lo èkíní, èkejì sì wà níbẹ̀ de ọjọ́ tí èkíní bá dákẹ́. Sekúù ni òun ń pè é, bí a ti ń pe táyà tí awakọ̀ fi pamọ́ sẹ́yìn mọ́tò. Bàbá wa á ní, "Àwọn òyìnbó bẹ̀rù ikú jù." Marcellin á rẹ́rìn-ín, á bu òkèlè sẹ́nu.

Nígbà tí ẹsẹ̀ ìyá wa kọ̀, tí kò lè dá lọ sóko mọ́, Marcellin fi Kútọnu sílẹ̀ wálé. Bàbá wa ti kú nígbà yẹn. Ó pa àgọ́ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Pobè, ó ń tún ẹ̀rọ ṣe níbẹ̀, ó ń jó irin, ó sì ń bójú tó ọ̀pẹ tí bàbá wa fi sílẹ̀. Èmi ti wà nílé ọkọ.

Ẹ mọ bí ilẹ̀ wa ti rí. Ilẹ̀ pupa ni, omi sì jìnnà sísàlẹ̀. Ẹ lè sọ òkúta sínú kànga wa, kí ẹ kí aládùúgbò yín, kí ẹ béèrè ọmọ rẹ̀, kí ẹ tó gbọ́ ìró rẹ̀. Òrùka símẹ́ńtì ńlá ńlá tí a ń pè ní búúsù ni wọ́n tò lé ara wọn láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ẹrẹ̀ a dí ojú omi, búúsù a sán, garawa tó ti já a kún ìsàlẹ̀. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wọlé lọ kó o. Iṣẹ́ ìdílé ọkọ mi nìyẹn. Láyé àtijọ́, wọ́n ń gbọ́n omi náà gbẹ ni. Lónìí, Ràzákì tó ń lẹ táyà ní oríta ló ń gbé ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ táyà wá. Wọ́n á so rọ́bà gígùn tí a ń pè ní tíyò mọ́ ọn, ọkọ mi á fi eyín di ẹnu tíyò náà mú, á sì wọ inú omi lọ bá ẹrẹ̀.

Okùn tó wà ní ìbàdí rẹ̀ ńkọ́? Kì í ṣe ẹni tó bá ṣáà wù ló ń dì í mú. Nínú ilé Fádáre, àna ni. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó, tàbí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ló ń di okùn ẹni tó wọ kànga mú, nítorí pé bí ó bá jẹ́ kí okùn bọ́, ọmọ ìyá òun fúnra rẹ̀ ló sọ di opó. Àṣà tó dára ni, inú mi sì dùn sí i nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́. Àṣà kejì wà tí inú mi kò dùn sí: obìnrin kì í dé ẹnu kànga nígbà tí ọkùnrin bá wà nínú rẹ̀. Àwa á gbé oúnjẹ wá, a ó jókòó sábẹ́ igi lọ́ọ̀ọ́kán, a ó máa wo ẹ̀yìn àwọn ọkùnrin. Bí Marcellin ti wálé ló di ẹni okùn ọkọ mi.

Ní Kpoulou ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, ewúrẹ́ ló sì fà á. Ewúrẹ́ kan já, ó sáré gba orí tíyò, ó wọ́ ọ mọ́ ẹsẹ̀, tíyò sì ká. Afẹ́fẹ́ dúró nísàlẹ̀. Ọkọ mi fa okùn, Marcellin sì fà á sókè wàràwàrà. Ó jáde pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ní imú, ó ń wúkọ́ bí ẹni tí eegun há lọ́fun. Ṣé ẹ mọ ohun tí àwọn ọkùnrin náà ṣe? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ewúrẹ́ ìlú Kpoulou fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ikú. Wọ́n bu ọtí sodabi fún un, wọ́n bu fún ara wọn, òun náà sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Marcellin nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.

Bí a ti ń bọ̀ wálé, ó ní, "Cécile, okùn a máa fa èèyàn. Kì í bá èèyàn mí." Ó ní bí okùn náà bá há síbì kan, bí búúsù bá wó lé e, gbogbo agbára apá òun kò ní wúlò. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ nílò èémí tí yóò fi tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun máa ṣe sekúù fún ọkọ mi.

Ó sì ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti rí, nítorí irọ́ tí wọ́n ń pa mọ́ ọn ti pọ̀ jù. Wọ́n ní oògùn wà nínú rẹ̀. Oògùn wo? Àpò kan ni, ó gé e lára rọ́bà inú táyà kámíóò, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, ó lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó tóbi tó ìrọ̀rí ọmọdé. Tíyò kúkúrú méjì jáde lára rẹ̀, wọ́n sì pàdé níbi tí èèyàn ń fi sẹ́nu. Bí ẹ bá mí jáde, èémí yín kì í lọ ṣòfò. Ó gba tíyò kan wọ inú agolo, ó ti inú agolo bọ́ sínú àpò, ẹ ó sì fà á padà sínú láti ara tíyò kejì. Ṣóò ló wà nínú agolo yẹn, ohun funfun tí àwọn akunlé ń pò mọ́ omi. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìdọ̀tí wà nínú èémí tí a bá mí jáde, pé òun ló ń pa ẹni tí wọ́n bá sé mọ́ ibi tó há, ṣóò ló sì ń gba ìdọ̀tí náà kúrò. Ìgò irin kékeré kan so mọ́ ìdí àpò, ọ́síjìn tí àwọn tó ń jó irin ń lò ló wà nínú rẹ̀. Ẹ ó yí orí rẹ̀ díẹ̀, tuntun á tú sínú èyí tí ẹ ń mí. Ó parí. Ó ní kò ṣe é gbé lọ sínú òkun bẹ́ẹ̀, nítorí ọ́síjìn lásán a máa pa èèyàn níbi tí omi bá jìn. Omi kànga tiwa kò jìn, ilẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ ló pọ̀.

Kò rọrùn fún un. Ṣóò àkọ́kọ́ lẹ̀ pọ̀ gbagidi, èémí kò rí ọ̀nà kọjá. Ó sẹ́ ẹ̀tù rẹ̀ dànù, ó lo èyí tó rí wóró wóró. Lọ́jọ́ mìíràn omi yọ́ wọ inú agolo, ṣóò náà gbóná, omi rẹ̀ sì gòkè wá bó o lẹ́nu. Ọjọ́ púpọ̀ ló fi ń mu ẹ̀kọ bí ọmọ ọwọ́. Mo pariwo lé e lórí, mo ní ṣé ó fẹ́ kú kí ọkọ mi má baà kú ni. Kò lè dá mi lóhùn. Ó kàn fi ìka hàn mí ibi tí omi gbà wọlé, inú rẹ̀ sì ń dùn pé òun ti rí i.

Nígbà tó tó àkókò, ó wọ inú àgbá omi lẹ́yìn àgọ́ rẹ̀, ó ri orí bọ̀ ọ́, ó sì jókòó sísàlẹ̀. Mo dúró tì í, mo ń ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà mi. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé omi náà kò hó rárá. Ẹni tó ń fi tíyò Ràzákì mí, omi á máa hó gùdùgùdù lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n èémí Marcellin kò jáde, inú àpò ló ń yí sí. Ìgbà yẹn gan-an ni Nàfísátù tó ń kiri epo pupa gba ẹ̀yìn àgọ́ kọjá. Ó bojú wo inú àgbá, ó rí ọkùnrin tó jókòó sábẹ́ omi, ojú rẹ̀ là kalẹ̀, omi sì dákẹ́ rọ́rọ́. Kò kí mi. Ó gbé epo rẹ̀, ó sá. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo Adja-Ouèrè ti gbọ́ pé Marcellin Òkè ń kú, ó sì ń jí.

Ọkọ mi, ní tirẹ̀, ó fẹ́ràn nǹkan náà. Ẹ má jẹ́ kó purọ́ fún yín. Marcellin fi gèlè mi dì í lójú, nítorí òkùnkùn ló wà nísàlẹ̀ kànga, ó sì ní kó máa wá àpò náà nínú àgbá, kó máa fi ọwọ́ mọ orí ìgò, kó tú u, kó tó fi tíyò sẹ́nu. Fádáre ń ṣe é, ó ń jáde, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ kékeré, ó ń ní, "Fòfó, ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i." Fòfó ni òun àti èmi ń pe ẹ̀gbọ́n mi, bí a ti ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin lọ́dọ̀ wa. Ó ṣe é títí ó fi mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ọ̀nà yàrá ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Nàfísátù dé etí Bàbá Akínlọ́lá. Àbúrò bàbá ọkọ mi ni, òun sì ni olórí àwọn tó ń wọ kànga. Ó pe gbogbo wa jọ síwájú ilé rẹ̀. Ó ní kí Marcellin dìde.

"Marcellin, ìwọ lò ń di okùn Fádáre mú, àbí?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ṣé okùn yẹn ti gbó?"

"Kò gbó, Bàbá."

"Ọwọ́ rẹ ńkọ́? Ṣé ó ń dùn ọ́?"

"Kò dùn mí."

"Kí lo wá mọ̀ tí àwa ò mọ̀, tí o fi ń tọ́jú ohun tí Fádáre yóò lò lọ́jọ́ tí ọwọ́ rẹ bá bọ́?"

Marcellin ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Tí ẹ bá wọ mọ́tò lọ sí Kútọnu, ṣé ẹ ò ní fẹ́ kí sekúù wà lẹ́yìn rẹ̀?"

"Èèyàn kì í ṣe mọ́tò," ni Bàbá Akínlọ́lá wí. "Mọ́tò ò ní àna."

Gbogbo wọn hó yèè. Ẹ wo òmùgọ̀ ọ̀rọ̀, ẹ wo bí ó ti dùn lẹ́nu! Lójú tiwọn, ẹni tó di okùn mú tó tún ń rán àpò èémí, ó ti mọ ọjọ́ tí yóò jọ̀wọ́ okùn. Bí ó bá fọkàn tán ọwọ́ ara rẹ̀, kí ló ń ṣe àpò fún? Ènìyàn tó ní ọpọlọ yóò sọ pé ọkùnrin yìí fẹ́ràn àna rẹ̀ débi pé kò fi í sílẹ̀ fún ọwọ́ òun nìkan. Àwọn tiwa ní ó ń pe ikú. Mo wo ọkọ mi, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín nínú àgbá. Ó dorí kodò, ó ń fi igi tú ilẹ̀.

Wọ́n gba okùn lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n gbé e fún Àlàgbé, àbúrò ìyàwó tí Fádáre fẹ́ ṣáájú mi, obìnrin náà ti kú. Wọ́n ní òun náà ṣì jẹ́ àna. Àlàgbé kì í ṣe ènìyàn burúkú, apá rẹ̀ le, ó sì ń tijú. Ẹ̀gbọ́n mi ká okùn náà dáadáa, ó gbé e lé e lọ́wọ́, ó ní, "Ó máa ń yọ̀ bí ó bá tutù. Máa wé e mọ́ ìgbọ̀nwọ́." Bí ó ti wí nìyẹn! Ó dùn mí ju kí ó gbá ẹnì kan létí lọ. Lójú ọ̀nà mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò bínú?" Ó ní ìbínú kò da nǹkan. Mo ní sùúrù tirẹ̀ náà, kí ló dà?

Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ kànga Tatonnonkon dé. Kànga àtijọ́ ni, búúsù ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti sán, gbogbo àdúgbò ibẹ̀ sì ń jìnnà lọ pọn omi. Mo bẹ ọkọ mi. Mo ní, "Bàbá Ìtùnú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àpò yẹn dání. Ẹ so ó mọ́ ìbàdí."

"Kí Àlàgbé máa wò mí bí ẹni tí n ò fọkàn tán?"

"Kí Àlàgbé wò yín bó bá ṣe wù ú! Ìtùnúolúwa ọmọ wa ńkọ́? Ṣé Àlàgbé ló máa di bàbá rẹ̀?"

Ó ní kí n fi òun sílẹ̀, pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni. Nígbà tí mo ń gbé oúnjẹ lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, mo yà sí àgọ́ Marcellin. Ó ti ki ṣóò tuntun sínú agolo, ó ti dán ìgò wò. Kò béèrè ohun tí mo wá ṣe. Mo fi aṣọ wé àpò náà, mo tẹ́ ẹ sísàlẹ̀ bàsíà, mo gbé ìkòkò ìrẹsì lé e. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rù ú dé Tatonnonkon, tí mo sì jókòó sábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú rẹ̀.

Oòrùn ti gòkè. Ọkùnrin kan ń fi dígí ńlá da ìmọ́lẹ̀ oòrùn sínú kànga, bí wọ́n ti ń ṣe kí wọ́n lè rí ojú omi. Àlàgbé di okùn mú. Wọ́n ń fi okùn kejì fa garawa ẹrẹ̀ sókè. Ẹ̀rọ Ràzákì ń pariwo, ariwo yẹn sì ni mo ń gbọ́, mi ò gbọ́ nǹkan mìíràn. Nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ yí padà. Ó wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó sì dákẹ́.

Kpayo ni wọ́n rọ sí i, epo inú jálá tó ń ti Nàìjíríà wọlé wá, omi wà nínú rẹ̀. Ràzákì ń fa okùn ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kò dáhùn. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ ṣì wà nínú àgbá ẹ̀rọ náà, òun ni ọkọ mi ń mí, kò sì ní pẹ́ tán. Àlàgbé bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn. Okùn kò wá. Ọkùnrin méjì bá a dì í mú, wọ́n fà, okùn náà le gan-gan, kò wá. Búúsù tó sán ti yẹ̀, ó ti tẹ okùn mọ́ ẹrẹ̀. Bí wọ́n ti ń fà á, ọkọ mi ni wọ́n ń fà mọ́ símẹ́ńtì. Mo rí ojú Àlàgbé. Ó ń sunkún, ó sì ń fà.

Mo dìde. N ò rò ó. Mo gbé ìkòkò kúrò, ìrẹsì dà sílẹ̀, mo fa àpò yọ, mo sì kọrí sí ẹnu kànga.

"Cécile, padà!" Bàbá Akínlọ́lá na ọ̀pá rẹ̀ dínà. "Obìnrin kì í dé bí!"

Mo sọ ohun kan fún un tí ọmọ kì í sọ fún àgbà. N ò ní kọ ọ́ síbí, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Mo ti ọ̀pá náà dànù. Mo gba okùn garawa lọ́wọ́ ẹni tó dì í mú, mo so àpò náà mọ́ garawa, mo sì sọ ọ́ kalẹ̀. Ìgò irin wúwo, ó sì rì lọ tààrà. Mo mi okùn náà jìgìjìgì kí garawa lè máa lu búúsù, kí ó lè gbọ́. Lẹ́yìn mi, Ràzákì kígbe pé àgbá ti gbẹ, pé kò sí afẹ́fẹ́ mọ́.

Okùn garawa mì lọ́wọ́ mi. Nǹkan kan gbé ìwọ̀n kúrò lórí rẹ̀, ó sì fúyẹ́. Mo mọ̀ pé ó ti mú un.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan kan. Ẹni tó di dígí mú ń wo ojú omi. Ó ní, "Omi ò hó mọ́." Bàbá Akínlọ́lá bojú wo inú kànga, ó ṣí fìlà, ó ní, "Ó ti lọ." Àwọn ọkùnrin ju okùn sílẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ lórí. Mo pariwo pé kí wọ́n di okùn mú, pé bí omi bá hó ni kí wọ́n bẹ̀rù, pé ẹni tó ń fi àpò yẹn mí, omi rẹ̀ kì í hó. Wọ́n ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú. Àlàgbé nìkan ló gbọ́ mi. Ó tún okùn wé mọ́ ìgbọ̀nwọ́, ó sì kúnlẹ̀ síbẹ̀. A dúró títí apá rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìgbà náà ni okùn dẹ̀, tí ẹnì kan sì fà á láti ìsàlẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì, bí wọ́n ti máa ń ṣe.

Wọ́n fà á jáde. Ó fi eyín di ẹnu àpò mú débi pé ìka ni mo fi là á. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti bó, ṣùgbọ́n ó ń mí. Mo jókòó sínú ẹrẹ̀, mo gbé orí rẹ̀ lé itan, mo ń bú u, mo ń sunkún.

Ẹ rò pé wọ́n dúpẹ́? Bàbá Akínlọ́lá dá fìlà rẹ̀ padà sórí. Ó wo àpò, ó wo ìrẹsì tó fọ́n sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀rọ yìí kò dákẹ́ rí. Ọjọ́ tí obìnrin gbé àpò pamọ́ sábẹ́ oúnjẹ wá ló wá dákẹ́? Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

"Ọmọ wo ló kú?" ni mo bi í. "Ọmọ yín nìyí, ó ń mí!"

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi. Ó ní, "Fádáre, sọ ọ́ lójú gbogbo wa. Ṣé àwọn àna rẹ yìí ló ṣe é fún ọ?"

Orí rẹ̀ ṣì wà lórí itan mi. Ó wo Bàbá Akínlọ́lá, ó wo àwọn ènìyàn ilé rẹ̀ tí wọ́n yí i ká. Kò wo ojú mi.

"N ò mọ̀," ló wí.

N ò mọ̀! Ẹni tó fi gèlè mi dí ojú, tó mọ ibi gbogbo lára àpò yẹn bí ọwọ́ ara rẹ̀, tó fi í mí nínú òkùnkùn títí ó fi gbẹ́ okùn rẹ̀ kúrò lábẹ́ símẹ́ńtì. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, màá ní wọ́n ti fi ẹ̀rù mú un. Bí ó bá ní rárá, màá gbé e lẹ́yìn lọ sílé. Ó ní òun ò mọ̀. Mo gbé orí rẹ̀ kúrò lórí itan mi, mo gbé e lé ẹrẹ̀, mo mú àpò, mo sì lọ. Mo rìn títí mo fi dé Adja-Ouèrè. Àwọn ọlọ́kadà ń dúró bi mí bóyá mo ń lọ, mo ń lé wọn bí ẹni lé adìyẹ.

Mo bá Marcellin nínú àgọ́ rẹ̀. Mo ju àpò náà síwájú rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ọ̀rọ̀ àjẹ́ àti gbogbo ẹ̀, mo sì sọ fún un pé láti òní lọ, bí gbogbo ìdílé Fádáre bá wọ kànga tí wọn kò jáde, n ò ní bojú wẹ̀yìn. Ó gbọ́ mi tán. Ó gbé àpò náà, ó yẹ ẹnu rẹ̀ wò níbi tí eyín ọkọ mi ti wọ rọ́bà. Ó ṣí agolo, ó da ṣóò tó ti lò dànù, ó nù ún gbẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bu òmíràn sínú rẹ̀.

"Ta lẹ ń bù ú fún?"

"Ọkọ rẹ. Búúsù tó yẹ̀ yẹn ṣì wà nísàlẹ̀. Wọ́n máa ní kó padà lọ gbé e."

Mo figbe ta. "Fòfó! Wọ́n bi í lójú gbogbo ayé bóyá ẹ fẹ́ pa á, ó ní òun ò mọ̀!"

Ẹ̀gbọ́n mi fi àtàǹpàkò tẹ ìdérí agolo títí ó fi dé dáadáa.

"Ó wà láyè tó fi sọ ọ́," ló wí, ó sì na àpò náà sí mi.